Inhaler oní-páúdà: ẹ má rọra fà á o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àsímà ní Abuja níbí, ọyẹ́ ń bọ̀, tó bá jẹ́ inhaler oní-páúdà lẹ ń lò, ẹ fà á kíákíá pẹ̀lú agbára látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ bíi ti oní-súpíréè. Kò sí gáàsì tó ń ti oògùn ẹ̀ jáde, bẹ́ ẹ ṣe ń fà á ló ń tú páúdà ká kó lè dé ẹ̀dọ̀fóró, tẹ́ ẹ bá rọra fà á, ọ̀fun ló máa pọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ mí síta, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má mí èémí yẹn sínú inhaler náà o, ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí páúdà dì. Àwọn ọmọ kéékèèké àti àgbàlagbà tí ò lókun mọ́ lè má lè fà á tó, ẹ bi dókítà bóyá oní-súpíréè pẹ̀lú spacer (ike oníhò tí wọ́n ń fi sẹ́nu inhaler) ló máa bá wọn mu.