Bí Mo Ṣe To Pẹpẹ Ostara fún Màmá Onílé Mi

Ọjọ́ tí mo kó dé ilé tí mò ń gbé ní Leeds ni màmá onílé mi ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé "witch" ni àwọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí etí ọmọ Yorùbá máa gbọ́ níbẹ̀. Mo fi àga ti ilẹ̀kùn yàrá mi kí n tó sùn. Ó tó oṣù mélòó kan kó tó yé mi pé ẹ̀sìn Wíkà ni wọ́n ń sọ, èyí tí Gerald Gardner gbé síta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé òfin tó de àjẹ́ ní 1951. Kò sí ẹyẹ òru níbẹ̀, wọn kì í pa ẹnikẹ́ni jẹ. Oòrùn, òṣùpá àti bí ìgbà ṣe ń yí ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àjọ̀dún mẹ́jọ ni wọ́n sì ń ṣe lọ́dún.

Ní oṣù Kẹta 2025, màmá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún wọn kán, wọ́n fi P.O.P. dì í. Ostara, ọ̀kan nínú àjọ̀dún mẹ́jọ náà, ku ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba, tí òtútù ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Lọ́dún náà, ogúnjọ́ oṣù ló bọ́ sí, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì nìkan wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n fi ń ṣe pẹpẹ. Mo ní, "Ẹ jókòó, mà. Ẹ máa sọ, èmi á máa ṣe." Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o, mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ò lè máa ru ẹrù kí èmi máa wòran.

Ibi tí pẹpẹ máa kọjú sí ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Àwọn kan ń lo ìlà-oòrùn. Ti màmá, àríwá ni. Mo ṣí kọ́ńpáàsì orí fóònù, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí títí mo fi kúrò nídìí híítà onírin. Mo fi omi iyọ̀ nu orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Abọ́ iyọ̀ àti àwo igi tí wọ́n fín ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún sí lọ sí àríwá, ti ilẹ̀ nìyẹn. Tùràrí wà ní ìlà-oòrùn fún afẹ́fẹ́, àbẹ́là pupa ní gúúsù fún iná, ife omi ní ìwọ̀-oòrùn. Àbẹ́là méjì tún wà lẹ́yìn, ti òrìṣà obìnrin wọn lápá òsì, ti ọkùnrin lápá ọ̀tún. Abẹ́ kọ́tìnnì ni mo kọ́kọ́ gbé àwọn yẹn sí. Wọ́n bi mí bóyá ilé ni mo fẹ́ sun.

Òdòdó dáfódìlì ló kàn. Ìdí rẹ̀ gùn jù fún ìkòkò, mo bá mú ọ̀bẹ olójú méjì kan tó wà lórí aṣọ, tí èèkù rẹ̀ dúdú, mo gé ọ̀kan. Màmá pariwo débi pé ológbò wọn sá wọ abẹ́ àga. Athame ni wọ́n ń pe ọ̀bẹ náà, kì í gé nǹkan kan. Òun ni wọ́n fi ń tọ́ka yí pẹpẹ ká láti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀. Èyí tó ń gé ewé, boline, èèkù tirẹ̀ funfun, inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé ìkúnlẹ̀ mi ò lè yé wọn. Wọ́n ní kí n fi omi iyọ̀ fọ ọ̀bẹ náà, kí n gbé e gba inú èéfín tùràrí. Nílé bàbá bàbá mi, irin kan wà tí ọmọdé kì í fọwọ́ kàn, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, èyí ló tètè yé mi jù. Orí ṣẹ́ẹ̀fù gíga ni mo gbé òdòdó náà sí nígbẹ̀yìn, torí májèlé ni dáfódìlì jẹ́ fún ológbò, títí kan omi tí wọ́n bá kì í bọ̀.

Ẹyin tí a fi àwọ̀ sí fún àjọ̀dún náà ni mo gbádùn. Mo wá ẹyin funfun kiri, torí èyí tó pọ̀ lọ́jà níbí ti pọ́n láti ìdí adìyẹ. Èèpo àlùbọ́sà ò wọ́n ẹni tó ń se ọbẹ̀ ata lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: mo se é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo da fínígà ṣíbí kan sí i, mo wá se ẹyin nínú rẹ̀. Ó pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn. Àjó fún wa ní àwọ̀ ìyeyè. Kábééjì elésè àlùkò, tí mo fi ẹyin sí omi rẹ̀ mọ́jú nínú fíríìjì, ló yà mí lẹ́nu: aró ló mú jáde, bíi kíjìpá tó ti ṣá. Ọ̀kan là torí mo gbé e tútù sínú omi gbígbóná. Mo fi iyọ̀ jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni mọ́mì mi pè mí ní fídíò, wọ́n rí àbẹ́là lẹ́yìn mi. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní Bede pàápàá, mọ́ǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 725 pé òrìṣà kan tó ń jẹ́ Eostre ni wọ́n fi sọ oṣù tí Easter ń bọ́ sí.

Wọ́n ní, "Bede wo? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ostara, màmá rọra rìn yí pẹpẹ ká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Àdúrà wọn ni, kì í ṣe tèmi. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n na abọ́ erùpẹ̀ tó wà láàárín pẹpẹ sí mi pé kí n gbin nǹkan sí i. Kóró ata rodo tí mo sá ni mo ní lọ́wọ́. Mo gbin márùn-ún, a gbé abọ́ náà sójú fèrèsé lókè híítà.

Mẹ́ta ló hù. Ológbò ti jẹ ọ̀kan.