Bí Ọmọ Bá Ń Ṣagídí Sí Iṣẹ́ Àṣetiléwá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Òbí

Ọmọ tó ju pẹ́ńsù sílẹ̀, tó ní "Mi ò ṣe," ó lè jẹ́ pé ebi ló ń pa á, oorun lè máa kùn ún, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà ni kò yé e. Òbí tó bá dojú ìjà kọ agídí nìkan kò tíì débi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àkókò la kọ́kọ́ ń ṣì mú. Ọmọ wọlé ní aago 3, kò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù, a ti ń bi í pé, "Ìwé ẹ dà?" Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó wẹ̀, kó ṣeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Àmọ́ kí a má sun ún di aago 9 alẹ́ nítorí pé ìgbà yẹn ni ìyá ń ti ọjà dé. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí jókòó tì í láago 5, kí ìyá wá yẹ̀ ẹ́ wò tó bá dé.

Èyí tó burú jù ni pankẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìṣirò, àti "olódo" lẹ́nu. Ìbẹ̀rù ń mú kí ọmọ gbàgbé ohun tó mọ̀ pàápàá. Ẹ wo 52 − 27. Ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì 2 tàbí 3 á kọ 35. Ó rí i pé òun kò lè yọ 7 nínú 2, ló bá yí i po, ó yọ 2 nínú 7. Bí ẹ bá jágbe mọ́ ọn pé kó tún un ṣe, 35 náà ni yóò tún kọ, torí ọ̀nà tó mọ̀ nìyẹn. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á ní òun ò ṣe mọ́, ẹ ó sì pè é ní olóríkunkun.

Ẹ ka igi ìgbálẹ̀ 52, kí ẹ fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá: ìdì 5, ẹyọ 2. Ẹ ní kó mú 27 kúrò. Á mú ìdì 2, ẹyọ 7 kò ní pé. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀, ẹ má tíì ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ bi í pé mélòó ló wà nínú ìdì kan. Tó bá tú u, ẹyọ á di 12. Ó yọ 7, ó ku 5, pẹ̀lú ìdì 2. 25 nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì rí i.

Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé, ẹ má bẹ̀rù pé á ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ má bi í pé, "Ṣé o ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀?" bí "rárá" kò bá ní tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ní, "Ìṣirò la ó kọ́kọ́ ṣe ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì?" Ẹ má sì rán an lọ ra magí láàárín iṣẹ́, kó tó padà dé, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn òbí mìíràn á gba pẹ́ńsù, wọ́n á bá a ṣe é kí ilé lè tòrò. Tíṣà á rí ìdáhùn tó pé, kò ní mọ ibi tí ọmọ ti ń kọsẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá tí kò yé e síbẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé: "Ó dá ṣe 1 sí 4. Ìkarùn-ún kò yé e." Kí ẹ buwọ́ lù ú.