Bí a ṣe ń ṣètò káyáàkì wíwà ní èbúté Alaska tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ bá gúnlẹ̀

Ojú ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń lọ sí gúúsù-ìlà-oòrùn Alaska, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, máa ń wò kí wọ́n tó múra káyáàkì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi àjẹ̀ wà. Oòrùn ti lè yọ díẹ̀, jíǹsì dé, ẹ̀wù òwú dé, ó parí. Omi ni kí ẹ wò. Afẹ́fẹ́ lè móoru tó ìwọ̀n Celsius 18 nígbà tí omi abẹ́ ọkọ̀ yín wà láàárín 7 sí 12. Nítòsí òkè yìnyín, omi tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Èbúté àti aago

Ẹ mú èbúté tí ọkọ̀ yóò ti dúró fún wákàtí 8 ó kéré tán. Wákàtí 2 lórí omi máa ń jẹ wákàtí 4 gbáko: wọ́n á gbé yín débẹ̀, ẹ ó wọṣọ, wọ́n á kọ́ yín, ẹ ó wà á, ẹ ó tún bọ́ṣọ. Tí ọkọ̀ ńlá kò bá lè sún mọ́ èbúté, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò sétí omi, ẹ fi wákàtí 1 kún un.

Sitka ló dáa jù fún ẹni tí kò wa káyáàkì rí, nítorí àwọn erékùṣù kéékèèké tó yí i ká ń gba ìgbì dúró. Ní Ketchikan, ẹ yan ìrìn tó ń gbé èèyàn kúrò níwájú ìlú, torí ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ sórí omi àti ọkọ̀ apẹja kún inú Tongass Narrows, omi tóóró tó wà níwájú ìlú náà. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju mítà 3 lọ, ẹ má retí ọjọ́ gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ Skagway le, pàápàá lọ́sàn-án. Àárọ̀ nìkan ni kí ẹ mú níbẹ̀. Adágún Mendenhall ní Juneau kò ní ìgbì òkun, ṣùgbọ́n omi yìnyín ni. Láti 2011, omi tó ń kó jọ sí Suicide Basin, kòtò ńlá kan lókè adágún náà, máa ń ya wọ inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti kéde ìkún omi, ẹ fagi lé e.

Ní ti aago: Alaska fi wákàtí 1 rẹ̀yìn sí Seattle àti Vancouver, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń gbéra. Ọkọ̀ kan lè yí aago rẹ̀ padà, òmíràn lè máà yí i. Fóònù yín á yí tirẹ̀ padà fúnra rẹ̀ bó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì etíkun, kò ní bi yín. Nítorí náà, ẹ wọ aago ọwọ́, kí ẹ sì gbé e sí aago ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọkọ̀ lẹ ti ra ìrìn náà, wọ́n sábà máa ń dúró de yín. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ rí i pé ẹ padà dé èbúté ní wákàtí 2 ṣáájú àkókò ìwọkọ̀ ìkẹyìn. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó jáde kúrò ní Juneau, orí erékùṣù sì ni Ketchikan wà. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi mìíràn ló kù fún un.

Aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù

Kì í ṣe òtútù tó ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pa èèyàn. Bí èèyàn bá já sómi tútù, èémí á gba òdì lójijì, yóò mí gúlú láìfẹ́, bí ẹnu bá sì wà lábẹ́ omi, omi ni yóò fà sínú. Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba ní Kánádà fi òǹkà 1-10-1 kọ́ àwọn èèyàn: ìṣẹ́jú 1 láti kápá èémí, ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ṣì gbọ́ràn sí ni lẹ́nu, nǹkan bíi wákàtí 1 kí èèyàn tó dákú. Ìṣẹ́jú 1 àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀wù amúniléfòó wà fún. Ẹni tó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó nítorí pé ó ń há a lápá kò ní rí i wọ̀ mọ́ nígbà tó bá já sómi.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fún èèyàn wọ̀. Aṣọ òjò, bàtà rọ́bà àti ẹ̀wù amúniléfòó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fúnni. Aṣọ òjò ń lé òjò ni o, kì í lé omi òkun. Tó bá jẹ́ ààrin yìnyín lẹ ń lọ, ẹ wá ẹni tó ń fúnni ní drysuit, aṣọ àwọ̀délẹ̀ tí omi kì í wọ̀. Drysuit náà kò móoru fúnra rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń mú ara gbóná. Ẹ yọ yẹtí àti aago kí ẹ tó ki orí àti ọwọ́ bọ̀ ọ́, torí rọ́bà ọrùn àti ti ọwọ́ rẹ̀ máa ń ya. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́ tán, ẹ fi ìka méjì ṣí rọ́bà ọrùn díẹ̀, kí ẹ lóṣòó kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ ti lọ sí ilé ìtọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ má fi òwú kankan kan ara: kì í ṣe síńgílẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀, kì í ṣe jíǹsì. Òwú ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ó sì ń fa ooru kúrò lára. Aṣọ irun àgùntàn tàbí pọ́líẹ́sítà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó kan ara, kí fleece, aṣọ múlọ́múlọ́ tó ń mú ara gbóná, wà lórí rẹ̀. Aṣọ eré ìdárayá pọ́líẹ́sítà àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ náà, kò pọn dandan kí ẹ ra tuntun. Fún ọwọ́, ibọ̀wọ́ neoprene, rọ́bà rírọ̀ tó nípọn, ló dáa jù. Tí kò bá sí, ẹ wọ ibọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi ibọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́ bò ó.

Orí gbogbo aṣọ ni ẹ̀wù amúniléfòó ń wà, pẹ̀lú síìpù àti gbogbo okùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn di èjìká rẹ̀ mú, kó fà á sókè gan-an. Bó bá kan etí yín, ó tú. Ẹ fa okùn rẹ̀ kó le sí i.

Aṣọ ìbohò

Rọ́bà tó ń bo ihò ìjókòó káyáàkì ní okùn kan níwájú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kì bọ etí ihò náà, kí ẹ tó ṣe iwájú. Okùn yẹn gbọ́dọ̀ wà níta. Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó kúrò létí omi. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fa okùn náà síwájú kúrò lára yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ìdí jáde. Bí okùn bá ti há sínú, ẹ̀rù àti òtútù kò ní jẹ́ kí ẹ rí i.

Lórí omi

Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì, ẹni ẹ̀yìn ló ń fi ẹsẹ̀ darí ìtọ́kọ̀, ẹni iwájú ló ń pinnu bí àjẹ̀ yóò ṣe yára tó. Ẹni tí kì í bẹ̀rù ni kó wà lẹ́yìn. Fóònù, nínú ọ̀rá oníṣíìpù méjì tó wọnú ara wọn, kí okùn so ó mọ́ ẹ̀wù. Ẹ wà jìnnà sí ẹja àbùùbùtán humpback ní yáàdì 100, nǹkan bíi mítà 91, òfin ni. Àpáta yìnyín tó léfòó máa ń yí dànù láìkìlọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ omi, nítorí náà ẹ má gbé ọkọ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìtorí fọ́tò. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sétíkun, ẹ gbé káyáàkì gòkè dáadáa: ìyàtọ̀ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà ní Juneau lè ju mítà 4 lọ.

Tí ẹ bá padà sínú yàrá ọkọ̀, irin ni ògiri rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ìkọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tó lágbára á gba gbogbo aṣọ tútù yín, kí wọ́n lè gbẹ kí ẹ tó dé èbúté tó kàn.