Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìjà ariwo òru láàárín ilé fàájì àti ará àdúgbò

Púpọ̀ nínú ìjà tó ń wáyé láàárín àwọn onílé fàájì àti àwọn tó fẹ́ sùn nítòsí wọn kì í tán bọ̀rọ̀, nítorí pé ariwo tí wọ́n ń bára wọn fà kọ́ ló ń jí èèyàn. Onílé fàájì á dín orin kù, aládùúgbò á tún fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lọ́sẹ̀ kejì, oníkálukú á wá gbà pé òpùrọ́ ni ẹnì kejì. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀: béèsì (ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo nínú orin) tó ń gba ara ilé kọjá, ẹnu àwọn èèyàn lójú títì, àti rúkèrúdò ìgbà tí fàájì bá ń túká. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì.

Má lẹ fóòmù mọ́ ògiri kí o ní o ti dí ariwo

Àṣìṣe yìí ló ń jẹ owó onílé fàájì jù. Fóòmù, kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì tó nípọn àti páálí ẹyin ń dín bí ohùn ṣe ń ta padà nínú yàrá kù, orin á sì dùn ún gbọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn kì í dá a dúró kó má jáde. Ìgbì ohùn béèsì tó wà ní 50 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Kí ni fóòmù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ìwúwo ló ń dá béèsì dúró: ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ lójú méjèèjì, àjà tó wúwo, tàbí ògiri méjì tí wọn kò fara kan ara wọn. Bí ìwúwo ògiri bá tilẹ̀ di ìlọ́po méjì, nǹkan bí 6 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) péré ló máa fi kún ohun tó ń dá dúró, nítorí náà ẹni tó bá kan ń fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kún ògiri tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ ń ṣe lásán.

Kí o tó náwó sórí ògiri, wá àlàfo ná. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 2, tí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 sì wà lábẹ́ rẹ̀, ìdá 1 nínú 100 rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ yẹn. Bó ti wù kí pákó rẹ̀ nípọn tó, ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò lè dín ariwo kù ju nǹkan bí 20 dB lọ. Rọ́bà tó yí etí ilẹ̀kùn ká, tó sì dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, máa ń ṣiṣẹ́ ju ògiri tuntun lọ. Ohun tó tún sàn jù ni ilẹ̀kùn méjì tí àyè wà láàárín wọn, kí àkọ́kọ́ ti tì kí èèyàn tó dé èkejì. Tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ẹni kan ṣoṣo á máa ṣí méjèèjì pa pọ̀. Ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà náà wà ńbẹ̀, òun ni gbogbo ayé máa ń gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni ooru: tí ẹ̀rọ amúlétutù kò bá ká èrò inú ilé, dájúdájú, kó tó di aago 1 òru, òṣìṣẹ́ kan ti gbé nǹkan ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó lè ṣí sílẹ̀, iṣẹ́ gbogbo sì ti bàjẹ́.

Má gbé wúfà (sípíkà béèsì) jókòó sórí ilẹ̀ lásán

Ohùn kì í gba inú afẹ́fẹ́ nìkan. Wúfà tó jókòó sórí kọnkéré, tàbí tí wọ́n fi bóòtù so mọ́ ògiri, ń gbọn ilé fúnra rẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì yẹn á gba òpó dé yàrá ẹni tó ń gbé lókè. Onítọ̀hún lè má gbọ́ orin kankan, gbì-gbì-gbì nìkan ni yóò máa gbọ́ láti inú ìrọ̀rí rẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ tàbí sípíríǹgì ló yẹ kó wà lábẹ́ wúfà. Rọ́bà líle pẹlẹbẹ tí ìwúwo wúfà kò lè tẹ̀ wọlẹ̀ rárá kò dá nǹkan kan dúró. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ lè sọ iye kílò tí wọ́n ṣe é fún. Tí kò bá lè sọ ọ́, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Má ṣètò òdiwọ̀n ohùn láti inú ilé fàájì

Ọ̀pọ̀ ló ń ra límítà, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ibi tí wọ́n bá fi í sí, tí wọ́n á wá fi etí ara wọn ṣètò rẹ̀ nídìí DJ. Níbẹ̀ kọ́ ni ìjà wà. Yan òru tí títì ti dákẹ́, lẹ́yìn aago 11. Kí ẹnì kan dúró sídìí ẹ̀rọ, kí ẹnì kejì wà nínú yàrá ìsùn tó sún mọ́ ọn jù, tí onílé bá gbà, kí fèrèsé wà bó ṣe máa ń wà tí wọ́n bá ń sùn. Fi orin tí béèsì rẹ̀ le sí i. Gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tó wà ní yàrá fi máa sọ lórí fóònù pé òun ti ń gbọ́ ọ, kí o wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí kò fi ní gbọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni òdiwọ̀n. Ṣe ti 63 Hz lọ́tọ̀, ti 125 Hz lọ́tọ̀, kí o má bàa pa gbogbo orin nítorí béèsì nìkan. Lẹ́yìn náà, tì í, kí kọ́kọ́rọ́ má sì sí lọ́wọ́ DJ. DJ tó bá gbé sípíkà tirẹ̀ wá gbọ́dọ̀ gba inú límítà yẹn kọjá, láìṣẹ́ẹ̀kù kan.

Ohun kan wà tó ń dá ìfura sílẹ̀ láàárín ìhà méjèèjì. Tí DJ bá fi 3 dB dín orin kù, ó ti gé agbára ẹ̀rọ sí ìdajì, ṣùgbọ́n etí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí etí tó gbà pé ariwo ti dín sí ìdajì, ó máa tó 10 dB, ìyẹn ìdá 1 nínú 10 agbára àtijọ́. Òótọ́ ni onílé fàájì ń sọ pé òun ti dín in kù, òótọ́ náà ni aládùúgbò ń sọ pé òun kò rí ìyàtọ̀.

Má fi ìwọ̀n kan díwọ̀n ohun mìíràn

Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohùn orin níbi fàájì má kọjá 100 dB, tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ti etí oníjó nìyẹn. Àwọn kan ń gbé e jù síwájú aládùúgbò bíi pé òun ló bá oorun rẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ ìlànà àjọ kan náà ti ọdún 1999 fún inú yàrá ìsùn jẹ́ 30 dB.

Àṣìṣe tó burú ju ìyẹn ni dB(A). Wọ́n ṣe ìwọ̀n yìí láti fara wé etí èèyàn, nítorí náà ó máa ń yọ béèsì sílẹ̀: ní 63 Hz, ó ń gé nǹkan bí 26 dB kúrò. Òṣìṣẹ́ tó wá wọn ariwo á dé, á wo ẹ̀rọ, á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí fèrèsé ń gbọ̀n. Ní kó wọn dB(C) náà, tí kì í gé béèsì bẹ́ẹ̀. Tí dB(C) bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju dB(A), béèsì ni ìṣòro yín.

Fídíò fóònù kò ràn yín lọ́wọ́ níbí. Fóònù máa ń tún ohùn ṣe fúnra rẹ̀, kì í sì í gbọ́ béèsì dáadáa, nítorí náà fídíò tí o yà ní aago 2 òru á dún bíi pé àlàáfíà lo wà.

Ará àdúgbò, ẹ má lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà wọn lóru

Ní aago yẹn, ẹni tó láṣẹ kì í sí níbẹ̀, DJ kò gbọ́ yín, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á sì kà yín sí oníjà. Ẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí kò sí fàájì, kí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Kọ ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, yàrá tó o wà, bóyá fèrèsé ṣí tàbí ó tì, irú ariwo (béèsì, ẹnu èèyàn, fèrè ọkọ̀, ìgò), àti bóyá ó jí ọ. Ó kéré tán kó tó ọ̀sẹ̀ 2, kí o sì kọ àwọn òru tó dákẹ́ pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ tó ní ojoojúmọ́ ni ariwo wà kì í jọ òótọ́ lójú ẹni tó ń gbẹ́jọ́. Kọ ojú ọjọ́ náà. Ní òru tí kò sí ìkuukùu, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù ju òkè lọ, ohùn á tẹ̀ padà wá sílẹ̀, á sì rìn jìnnà ju bó ṣe ń rìn lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí wákàtí kan náà, orin kan náà, fi lè jí ọ lónìí kó má jí ọ lọ́la.

Nǹkan bí àkọsílẹ̀ mẹ́ta láti ilé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù wúlò ju ìwé tí ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbé lọ́nà jíjìn fọwọ́ sí.

Fèrèsé onígíláàsì méjì tí wọ́n ṣe fún òtútù, tí àlàfo rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 lọ, kì í dá béèsì dúró dáadáa. Fèrèsé kejì tí wọ́n fi síwájú ti àtijọ́, tí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 wà láàárín, ló ń ṣiṣẹ́. Rántí pé ẹ máa nílò atẹ́gùn tí gbogbo rẹ̀ bá ti tì pa.

Kí o tó gbalé, lọ síbẹ̀ ní òru ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tàbí Sátidé ní àkókò tí wọ́n máa ń ṣíwọ́, kí o sì dúró nínú yàrá ìsùn, kì í ṣe pálọ̀.

Má jẹ́ kí gbogbo èèyàn jáde lẹ́ẹ̀kan náà

Etí ẹni tó ti jó fún wákàtí mẹ́ta ti di díẹ̀, nítorí náà ó ń pariwo láìmọ̀ tó bá bọ́ síta. Tí orin bá kú lójijì, tí iná funfun sì tàn, ọgọ́rùn-ún irú wọn á tú sí títì pa pọ̀. Ní ìṣẹ́jú 30 tó kẹ́yìn, yọ béèsì ní àkọ́kọ́, kí orin rọlẹ̀, kí iná máa mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Jẹ́ kí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ jókòó sínú. Fi ibi tí ọkọ̀ á ti gbé wọn sí ìhà tí kò sí fèrèsé yàrá, kí òṣìṣẹ́ kan dúró níbẹ̀ láti máa ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ìgò ni kí ẹ má dà sínú garawa ìdọ̀tí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ariwo ìgò nìkan ti ba àdéhùn tó dára jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ti ìjọba

Fífi aago kan náà tì gbogbo ilé fàájì máa ń kó èrò jọ sí títì ní wákàtí kan náà. Ní Ìlú Ọba, ọ̀kan nínú èrò tó wà lẹ́yìn òfin ọtí ti ọdún 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ni pé kí aago ìtìlẹ̀kùn yàtọ̀ síra, kí gbogbo ilé ọtí má máa tú èrò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àṣìṣe kejì ni fífún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé ní àṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fàájì tó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n wá máa lé onílé fàájì nígbà tí àyálégbé bá dé. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà ní ọdún 2014, àti ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ England ní ọdún 2018, gbé e sọ́rùn ẹni tó mú àyípadà wá: tó bá jẹ́ ilé gbígbé ló dé kẹ́yìn, ẹni tó ń kọ́ ọ ni kó sanwó fèrèsé àti ògiri tó ń dá ariwo dúró. Ó ṣe ìdájọ́ sí ìhà kejì pẹ̀lú, nítorí ilé fàájì tuntun tó bá wọ àdúgbò tó ti dákẹ́ ni yóò ru ẹrù tirẹ̀. Ibi tí àwọn ìjọba ti ń kùnà ni pé wọ́n á kọ ọ́ sínú àṣẹ láìsọ iye dB tí yàrá ìsùn kò gbọdọ̀ kọjá, láìsọ ẹni tó máa wọ̀n ọ́ kí wọ́n tó kó kọ́kọ́rọ́ lé àyálégbé lọ́wọ́.