Ìlà tó yọ nínú garawa ìdọ̀tí: bí mo ṣe kọ́ PT ṣíṣe

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo kọ́kọ́ ṣe PT, ìyẹn àyẹ̀wò tí a ń fi ìtọ̀ ṣe nílé láti mọ̀ bóyá oyún wà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n rí nǹkan oṣù mi, ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á mọ́. Tómi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ládùúgbò ló ń wo ikùn mi kó tó kí mi. Bí mo ṣe ń ti Dùgbẹ̀ bọ̀, mo yà ní kẹ́míìsì, mo ní kí wọ́n fún mi ní PT kan. Ọmọkùnrin tó ń tajà wé e sínú láílọ́ọ̀nù dúdú bí ẹni tó ń ta ẹrù òfin. Oòrùn ti pa mí lọ́jọ́ náà, mo sì ti mu píọ́ wọ́tà méjì lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe wọlé ni mo tọ̀ sínú ike, tí mo ki PT bọ̀ ọ́. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C, tó kàn ń fi hàn pé PT náà ṣiṣẹ́; bí oyún bá wà, méjì ló yẹ kó yọ. Mo sọ ọ́ sí garawa ìdọ̀tí, mo lọ dáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nù ni mo rí i lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìlà méjì! Ìkejì tín-ín-rín, ó rí bí eérú, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mo pariwo. Bàbá Tómi gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní òun náà rí i. Kí n tó bọ́jú tán, ó ti pe ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Mọ̀ọ́mì bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí fóònù, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, bí nǹkan oṣù ṣe máa ń dé náà ló dé. Bàbá Tómi ló pe Mọ̀ọ́mì padà. Èmi wà ní balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí mi kan, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Ìgbà wo lo wò ó?” Mo ní ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìtọ̀ tó gbẹ lo kà yẹn.” Wọ́n ní ojú ibi tí ìlà kejì máa ń yọ sí ní ohun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ láti mú họ́móònù oyún, ìyẹn hCG. Bí ìtọ̀ bá gbẹ síbẹ̀, ó lè fi àmì sílẹ̀ bí omi ṣe ń ṣe lára aṣọ tí a sá láìfún dáadáa. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ìlà oyún gidi, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, àwọ̀ C ló máa ń ní, ó sì gbọ́dọ̀ yọ láàárín ìṣẹ́jú tí ìwé rẹ̀ sọ. Márùn-ún ni tèmi sọ. Àǹtí ní tó bá ti kọjá mẹ́wàá, kí n má wò ó mọ́.

Mo wá fa ìwé náà yọ, ìwé tí mi ò kà rí. Wọ́n kọ “99%” gàdàgbà sára páálí, mo sì ti rò pé ìgbàkígbà ni. Àǹtí ní rárá, inú láàbù ni wọ́n ti rí iye yẹn, ó sì kan ẹni tó ṣe é bí ìwé ṣe wí, láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù yẹ kó dé lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, oyún lè má tíì lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Ó máa ń tó ọjọ́ 6 sí 12 lẹ́yìn tí ẹyin bá já kó tó lẹ̀ mọ́ ọn, ìgbà yẹn ni hCG ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí á wá máa di ìlọ́po méjì ní bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. PT tí mo rà kò lè rí hCG tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìtọ̀ kò bá tó 25 mIU/mL. Ká tiẹ̀ ní mo lóyún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, omi tí mo mu lè ti bù ú là.

Mo bi wọ́n nípa oògùn ibà tí mo lò. Wọ́n ní kò sí èyí tó kàn án níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ hCG tí wọ́n ń fún àwọn tó ń wá ọmọ ni oògùn tó lè mú un yọ ìlà méjì láìsí oyún. Ìtọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ tàbí ṣúgà tí àwọn kan fi ń yẹ oyún wò ńkọ́? (Mo ti ṣe ti iyọ̀ rí nígbà Tómi, ẹ má bínú.) Wọ́n ní iyọ̀ kò mọ hCG yàtọ̀ sí omi ẹ̀fọ́. Wọ́n ní àkèré tiẹ̀ sàn jù ú lọ: láti àwọn ọdún 1930 títí di nǹkan bí àwọn ọdún 1960, wọ́n máa ń gún àkèré ilẹ̀ South Africa ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ obìnrin, bó bá yé ẹyin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, oyún ti dúró nìyẹn.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni mo tún ṣe é. Nǹkan oṣù mi máa ń lọ láti ọjọ́ 28 sí 33, nítorí náà 33 ni mo kà. Mo dúró títí ó fi di ọjọ́ 36. Mo wo ọjọ́ tí PT máa bàjẹ́ lára ọ̀rá kí n tó sanwó. Ìtọ̀ àkọ́jí ni mo lò, mi ò mu omi kankan láti òru. Mo ki PT bọ̀ ọ́, mi ò jẹ́ kó kọjá ibi tí wọ́n kọ MAX sí, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, mo tẹ aago fóònù sí ìṣẹ́jú márùn-ún. C kọ́kọ́ pọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago dún, òmíràn yọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n pupa ni, kì í ṣe eérú. Mi ò pariwo. Ní ọjọ́ kẹta mo tún ṣe òmíràn, ìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá C dọ́gba.

Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, lẹ́yìn náà mo lọ ṣe scan, nítorí PT kò lè sọ ibi tí oyún jókòó sí. Oyún tó bá dúró síta ilé ọmọ náà máa ń yọ ìlà méjì. Àǹtí ti kìlọ̀ pé bí ẹ̀gbẹ́ kan inú bá ń dùn mí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kí n má sùn lé e. Inú ilé ọmọ ló wà, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì lójú ẹ̀rọ.

Ìgbà yìí, èmi fúnra mi ni mo pe Mọ̀ọ́mì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe ti inú garawa lo tún lọ gbé wá?”