Bí a ṣe ń tọ́jú eyín àgbìn kí kòkòrò àìfojúrí má baà jẹ ìdí rẹ̀

Irin títéníọ̀mù ni dókítà máa ń gbìn sínú eegun àgbọ̀n ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ, kó tó gbé orí eyín lé e. Irin kì í jẹrà. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan rò pé wàhálà eyín ti parí fún wọn. Kò parí o! Eegun tó di irin náà mú àti erìgì tó yí i ká ni kòkòrò ń jẹ. Bí eegun bá ti jẹ tán, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Erìgì so pinpin mọ́ eyín tí a bí mọ́ wa, torí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ wọnú gbòǹgbò eyín lọ. Ní ti irin, okùn náà kàn yí i ká ni. Ìdọ̀tí ò pẹ́ rí ọ̀nà gbà sọ̀kalẹ̀. Àlàfo kan tún wà níbi tí orí eyín ti bá irin inú eegun pàdé. Ojú ò lè rí i, àmọ́ kòkòrò ń ráyè wọ ibẹ̀. Ti dókítà nìyẹn, òun ló ń dè é le. Ti ìta ló kù sí yín lọ́wọ́.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ dúró níwájú dígí. Ẹ tẹ irun rẹ̀ díẹ̀ kó dojú kọ ibi tí erìgì ti kan eyín gẹ́lẹ́, kí ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi agbára ha á. Ẹ̀yìn eyín, níhà ahọ́n, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, ìdọ̀tí sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 tó fún gbogbo ẹnu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọ àárín eyín. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tó dà bí èyí tí a fi ń fọ ìgò, àmọ́ kò ju igi ìṣáná lọ. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo wáyà rẹ̀, kó má baà ha irin. Ó yẹ kó fún díẹ̀ bó bá ń wọlé. Bí ẹ bá ní láti tì í tipátipá, ẹ mú èyí tó kéré sí i. Ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí ẹ tó ṣàn án, ẹ wò ó dáadáa: ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn ni ilé kòkòrò. Omi ìfọnu nìkan ò lè ká a kúrò.

Mo fẹ́ràn pákò gan-an, àmọ́ kò lè dé àárín eyín àgbìn, èérún rẹ̀ sì lè há sábẹ́ erìgì. Ẹ má fi èédú tàbí iyọ̀ fọ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí erìgì pọ́n tàbí wú, tàbí tí ọyún ń jáde, ẹ lọ rí dókítà eyín. Ẹ má dúró de ìrora, torí eegun lè máa jẹ láìdun yín rárá. Bó bá jẹ́ erìgì nìkan ni, ó ṣì lè san pátápátá. Eegun tó ti lọ kì í fúnra rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra kápúsù ní kẹ́mísì lò, torí oògùn ò lè ha ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ irin. Dókítà ló ní ohun èlò rẹ̀.

Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò wálẹ̀ wà nínú ewu ju àwọn yòókù lọ. Kí ó máa lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 3 sí 6 kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí dókítà fi ẹ́síréè tuntun wé èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n gbé orí eyín náà lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i bí eegun bá ti lọ sílẹ̀.