Ẹ Má Kánjú Wọ Ibú: Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Amòòkùn Tuntun

Ìwé ẹ̀rí Open Water tí àjọ PADI ń fún àwọn amòòkùn tuntun fi ààlà wọn sí mítà 18. Ti Advanced gbé e dé mítà 30, mítà 40 sì ni òpin fún ẹni tó ń fi ìmòòkùn ṣe fàájì. Iye mẹ́ta yìí ti di oyè lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá gòkè tán, "Mítà mélòó lo dé?" ni wọ́n á kọ́kọ́ bi ara wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bèèrè pé, "Bar mélòó ló kù sínú sílíńdà rẹ?" (Bar ni ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí omi fi ń tẹ nǹkan, òun ni géèjì ara sílíńdà ń kà.) Lójú tèmi, ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kó máa ṣáájú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó kù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fífi bar 50 ṣe ìpamọ́ níbi gbogbo

Wọ́n máa ń kọ́ni pé kí amòòkùn ti dé ojú omi kí géèjì tó lọ sílẹ̀ ju bar 50 lọ. Níbi tí omi kò jìn, ìmọ̀ràn yìí dára. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí ènìyàn wà ní mítà 30 títí géèjì yóò fi ka 50, kó tó wá rántí pé ó yẹ kí òun máa gòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lójú omi, agbára tó ń tẹ ara wa jẹ́ bar 1. Gbogbo mítà 10 tí a bá lọ sísàlẹ̀ ń fi bar 1 kún un, nítorí náà ó di bar 2 ní mítà 10, bar 4 ní mítà 30, bar 5 ní mítà 40. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí gbọ́dọ̀ bá agbára omi tó yí wa ká dọ́gba. Ẹni tó bá ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lójú omi, lítà 80 ni yóò máa ná ní mítà 30. Sílíńdà lítà 12 tí wọ́n rọ kún dé bar 200 gba lítà 2,400. Bí a bá fi 80 pín in, ìṣẹ́jú 30 péré, ó ti gbẹ.

Ẹ wá rò ó pé afẹ́fẹ́ tán mọ́ ẹnìkejì yín lọ́wọ́ ní mítà 30, tí ẹ̀yin méjèèjì sì ń mí láti inú sílíńdà yín. Ẹ̀rù ti bà yín, èémí ń já lura: ká ní lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lítà 60 fún ẹni méjì. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi di ara yín mú, tí ẹ sì gbé ẹ̀rọ ìmí kejì fún un, jẹ́ lítà 240. Bí ẹ bá ń gòkè ní mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gba bí ìṣẹ́jú 4, ìpíndọ́gba agbára omi sì jẹ́ bar 2.5, lítà 600 nìyẹn. Ìdúró ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5, tí a máa ń ṣe fún ààbò kí a tó yọ sójú omi, tún gba 270. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 1,110, ó ju bar 92 lọ nínú sílíńdà lítà 12. Bar 50 kò ju lítà 600 lọ. Yóò tán nígbà tí ẹ ṣì wà nísàlẹ̀ mítà 10.

Nítorí náà, pẹ̀lú sílíńdà yìí, bí géèjì bá ti ka 100 ní mítà 30, ẹ kọjú sókè. Ìyẹn fún yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 nísàlẹ̀, tí a bá sì ka ìgbà tí ẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ọn. Ó kéré, mo mọ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè wá sílíńdà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, tàbí kó kọ́ bí a ṣe ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tí omi kò jìn.

Kí ẹ tó ronú mítà 30 rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ iye lítà tí ẹ̀yin fúnra yín ń mí. Ẹ wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ní mítà 10, kí ẹ kọ ohun tí géèjì kà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Ká ní bar 30 ló lọ nínú sílíńdà lítà 12, ó jẹ́ lítà 360, tàbí 36 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá pín in sí méjì nítorí pé bar 2 ni ẹ wà, ó ku 18. Ẹ tún un wò ní ọjọ́ tí omi tutù àti ọjọ́ tí ìṣàn omi le, ẹ ó rí i pé kì í dúró sójú kan.

Ríronú pé ti yín yàtọ̀

Láti nǹkan bí mítà 30, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ a máa pa ènìyàn bí ọtí. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín lásán, àyà àwọn mìíràn á sì máa já láìnídìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í hàn síta: ẹ wo géèjì, ẹ gbé ojú kúrò, ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ kà. N kì í gba ẹni tó bá sọ pé kò mú òun rí gbọ́, torí ọpọlọ tó ti yó yẹn náà ló fi ń yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ẹ bá fura, ẹ gòkè ní mítà díẹ̀, ara á padà bọ̀ sípò.

Iṣẹ́ àṣekára máa ń mú un le sí i. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí ní mítà 30 nípọn ní ìlọ́po mẹ́rin ti ojú omi, ẹni tó bá sì ń bá ìṣàn omi jìjàkadì níbẹ̀ kì í lè mí èyí tó wà nínú rẹ̀ jáde tó. Ẹ má lé ẹja níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́.

Gbígbé ìwé ẹ̀rí ga ju bó ti yẹ lọ

Ìmòòkùn márùn-ún ni Advanced ti PADI, ẹnikẹ́ni sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tó bá parí Open Water. Nínú márùn-ún yìí, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lọ sí omi jíjìn, olùkọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa fi mítà mẹ́ta-mẹ́ta kún un: 18, 21, 24, pẹ̀lú ẹnìkejì kan náà, níbi tí ẹ ti mọ̀, ní ọjọ́ tí omi mọ́ tó sì pa rọ́rọ́. Mítà 25 nínú omi tútù tó ṣókùnkùn le ju mítà 30 nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ.

Ẹ má sì tẹ̀ lé afinimọ̀nà kọjá ààlà yín nítorí pé ó ní òun mọ ibẹ̀. Ní Blue Hole ní Dahab, lórílẹ̀-èdè Íjíbítì, ihò kan wà lára àpáta tó gba inú òkun kọjá, ó ju mítà 50 lọ nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ amòòkùn ló ti kú síbẹ̀, orúkọ àwọn kan wà lára òkúta ìrántí ní etí omi.

Òjé tó pọ̀ jù

Aṣọ ìmòòkùn onírọ́bà máa ń fún pọ̀ bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀, agbára tó fi ń gbé wa léfòó á dín kù. Ẹni tó bá ti so òjé tó pọ̀ jù mọ́ ìdí á wá máa já wálẹ̀ kíákíá, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àpáta tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Á tẹ afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì tí a fi ń léfòó, afẹ́fẹ́ yẹn á sì wú nígbà tó bá ń gòkè. Mítà 10 tó kẹ́yìn ló burú jù, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń di ìlọ́po méjì. Ẹ máa tú u jáde kó tó gbé yín, ẹ má sì di èémí mú láé.

Àwọn kékeré tó kù

Lórí àtẹ PADI, tó ń sọ bí a ṣe lè pẹ́ tó nísàlẹ̀ kó tó di dandan láti máa dúró lójú ọ̀nà bí a ṣe ń gòkè, ìṣẹ́jú 56 ni ènìyàn lè lò ní mítà 18, 20 ní mítà 30, 9 péré ní mítà 40. Kí oníkálùkù so kọ̀ǹpútà ìmòòkùn tirẹ̀, tó ń ka ìjìn omi àti àkókò, mọ́ ọwọ́. Ti ẹnìkejì kò mọ ibi tí ẹ̀yin wà.

Nitrox, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, kì í ṣe fún lílọ jìn. Èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 32 nínú ọgọ́rùn-ún kò yẹ kó kọjá nǹkan bí mítà 33.

Bí ẹ bá mòòkùn lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ara wọn, ẹ dúró fún wákàtí 18 ó kéré tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, wákàtí 12.